Kì í ṣe abísínwín nìkan: ohun tó ń ṣe ìyá ìkókó ní Iléṣà àti Ifẹ̀

Lọ́jọ́ tí a kó ọmọ mi àkọ́kọ́ jáde ní Iléṣà, ìyá àgbà kan nínú ẹbí ọkọ mi fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Wọ́n gba ọmọ lọ́wọ́ mi, wọ́n wo ojú rẹ̀, wọ́n súre fún un dáadáa. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bi mí pé, "Ìyàwó, ṣé ìwọ fúnra rẹ lo bí i?" Mo mọ ohun tí wọ́n ń béèrè. Wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá mo kúnlẹ̀ tí mo rọbí, àbí wọ́n fi abẹ gbé e. Ọjọ́ kẹjọ ni, ọgbẹ́ inú mi ò tíì jiná. Mo ní, "Iṣẹ́ abẹ ni wọ́n ṣe fún mi, mà." Wọ́n ní, "Háà, pẹ̀lẹ́. Ọlọ́run á jẹ́ kí o fúnra rẹ bí èyí tó ń bọ̀." Àwọn tó wà nítòsí ṣe àmín. Èmi náà ṣe àmín.

Àdúrà ni wọ́n ṣe fún mi, mi ò sì lè pè é ní èébú. Ìyá yẹn fẹ́ràn mi. Àwọn ló kọ́kọ́ gbé iṣu wá sílé nígbà tí a ti ọsibítù dé. Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti le gan-an nìyẹn: ẹni tó ń ṣe wá lóore náà ló gbé òṣùwọ̀n dání. Kí ọmọ tó pé ọ̀sẹ̀ méjì, obìnrin ti ń ka iye ibi tó ti kùnà. Kò fúnra rẹ̀ bí i. Ọmú rẹ̀ ò tètè wá. Ọmọ ń sunkún jù. Ikùn rẹ̀ ò tíì wọlé. Ọkùnrin ni wọ́n ń retí, obìnrin ló bí.

Ẹ wo àdúrà tí a máa ń gbà fún aboyún ní ṣọ́ọ̀ṣì: "Wàá bí wẹ́rẹ́ bí àwọn obìnrin Hébérù." Ìwé Ẹ́kísódù orí kìíní ló ti wá, ṣùgbọ́n ẹ lọ ka ibẹ̀ dáadáa. Fáráò pàṣẹ pé kí wọ́n máa pa àwọn ọmọkùnrin Hébérù. Àwọn agbẹ̀bí bẹ̀rù Ọlọ́run, wọn ò ṣe é. Nígbà tí ọba pè wọ́n kí wọ́n wá jẹ́jọ́ ni wọ́n sọ pé àwọn obìnrin Hébérù lágbára, pé wọ́n ti máa ń bímọ kí àwọn tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Ọ̀rọ̀ tí agbẹ̀bí fi gba ẹ̀mí ọmọ sílẹ̀ lọ́wọ́ ọba la wá fi ń wọn ara obìnrin.

Iléṣà ni mo ti dàgbà, mo mọ bí àdúrà yìí ti jinlẹ̀ tó níbẹ̀. Òkè-Oòyè ní Iléṣà ni ìsọjí ńlá Wòlíì Ayọ̀ Babalọlá ti bẹ́ sílẹ̀ ní 1930, ọ̀pọ̀ aboyún ìlú wa ló sì ń lọ sí ilé àbíyè àwọn ìjọ aládùúrà títí dòní. Mi ò bá wọn jà. Ohun kan wà níbẹ̀ tí ọsibítù ò ní: obìnrin kì í dá wà. Wọ́n jọ ń kọrin ni, wọ́n jọ ń sùn, ìyá àbíyè mọ orúkọ oníkálukú. Ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń dùn mí ni obìnrin tí ọmọ dábùú sí nínú, tàbí tí ibi ọmọ dí ojú ọ̀nà, tí dókítà ti ní iṣẹ́ abẹ ló kù, tó wá ń bẹ̀bẹ̀ fún ọjọ́ kan sí i, torí kò fẹ́ kí wọ́n sọ pé òun ò lè bímọ bí obìnrin. Nínú ìwádìí ìlera tí ìjọba ṣe káàkiri Nàìjíríà ní 2018, bíi 3 péré nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ ni wọ́n fi iṣẹ́ abẹ bí. Àjọ Ìlera Àgbáyé ti sọ pé bí iye yẹn bá ń gòkè lọ sí 10, ikú ìyá àti ikú ọmọ tuntun máa ń dín kù. Ìwádìí 2018 yẹn kan náà ló ní nínú 100,000 ọmọ tí wọ́n bí láàyè, ìyá 512 ló ń bá a lọ.

Kí wá ni gbogbo èyí ń ṣe fún ọkàn ẹni tó yè é? Iléṣà wà lára ibi tí ìdáhùn tó ṣeé dì mú ti wá. Dókítà Abíọ́dún Adewuya àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ obìnrin 876 wò ní àwọn kílíníkì ìlú Iléṣà, ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn tí wọ́n bímọ. Ìwádìí náà jáde ní 2005. Ìdá 14.6 nínú ọgọ́rùn-ún wọn ló ní ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn tó kọjá ti àárẹ̀ lásán. Ká ṣírò rẹ̀ bí a ti ń ṣírò owó lọ́jà Àtàkúnmọ̀sà: nínú ìyá méje tó gbé ọmọ lẹ́sẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì kílíníkì, ọ̀kan. Wọ́n tún wo àwọn tí nǹkan náà máa ń ṣe jù: àwọn tí wọ́n dá dúró sí ọsibítù nígbà tí wọ́n lóyún, àwọn tí oṣù ọmọ wọn ò pé, àwọn tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún, àwọn tí kò sí nílé ọkọ, àti àwọn tó bí obìnrin. Mo ka ti ìgbẹ̀yìn yẹn, mo tún un kà. Ara ìyá kọ́ ló ń bi í pé ṣé akọ ni àbí abo. Àwa là ń bi í.

Òótọ́ ni pé ara náà ní tirẹ̀. Bí ibi ọmọ bá ti jáde, àwọn họ́mọ́ónù tó ti ga fún oṣù mẹ́sàn-án máa ń já wálẹ̀ láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ti lọ, oorun ò sí. Ìyẹn ló ń jẹ́ kí ọ̀pọ̀ ìyá máa sunkún láìnídìí ní nǹkan bí ọjọ́ kẹta sí ìkarùn-ún, kì í sì í ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ tó fi ń lọ fúnra rẹ̀. Èyí tí kò lọ ńkọ́? Ó wọ oṣù kejì, ó wọ ìkẹta, obìnrin ò rí adùn nínú ohunkóhun mọ́, kò lè sùn kódà nígbà tí ọmọ ń sùn, ó ń rò ó nínú ara rẹ̀ pé ọmọ ì bá sàn jù lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn lẹ́yìn ìbímọ nìyẹn. Ẹ̀kẹta ló ṣọ̀wọ́n jù, obìnrin kan tàbí méjì nínú ẹgbẹ̀rún. Òun ni Yorùbá ti ní orúkọ fún tipẹ́tipẹ́: abísínwín. Lójijì ló máa ń bẹ̀rẹ̀, nínú ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ lọ́pọ̀ ìgbà. Obìnrin á máa gbọ́ ohùn, á máa sọ ọ̀rọ̀ tí kò lórí tí kò nídìí, ó sì lè ṣe ara rẹ̀ tàbí ọmọ léṣe. Ọ̀rọ̀ pàjáwìrì ni. Ọsibítù, lọ́jọ́ náà gan-an, kí ẹnikẹ́ni má fi òun àti ọmọ sílẹ̀ láwọn nìkan.

Ẹ kíyè sí i pé ẹ̀kẹta yìí nìkan la ní orúkọ fún. Ìmọ̀ ńlá ni pé àwọn baba àti ìyá wa ti rí i tipẹ́ pé ìbímọ lè da orí rú. Ṣùgbọ́n nítorí pé abísínwín nìkan ló wà lẹ́nu, obìnrin tó ń jẹ ìyà ti abẹ́lẹ̀ ń bẹ̀rù pé bí òun bá fi lè lanu pẹ́nrẹ́n, orúkọ yẹn ni wọ́n á sọ òun, á sì tẹ̀lé òun dé ọjọ́ tí wọ́n bá fẹ́ wá tọrọ ọmọ òun fún aya. Nítorí náà, kì í sọ pé inú òun bàjẹ́. Ara ló máa ń bá yọ. "Orí mi ń gbóná." "Nǹkan kan ń rìn mí lórí." "Àyà mi ń já." "Ara mi ò kàn dá." Wọ́n á fún un ní oògùn ibà, á gbé e relé. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo gbé oògùn ibà relé bẹ́ẹ̀ láàárín oṣù kan, ibà ò sì ṣe mí.

Bó bá sì wá gbìyànjú láti sọ ọ́, ìdáhùn ti wà nílẹ̀: "Máa dúpẹ́ o, àwọn kan ń wá ohun tí o ní yìí." Obìnrin méjì ni ọ̀rọ̀ yìí ń gún lẹ́ẹ̀kan náà. Ó pa ẹni tó bí lẹ́nu mọ́, ó sì fi ẹni tó ṣì ń wojú Olúwa ṣe àpẹẹrẹ ìyà níwájú gbogbo ènìyàn.

Ifẹ̀ ni mo ń gbé báyìí, níbi tí ère Mọremí ti ga tó bẹ́ẹ̀ tí ènìyàn ò lè gba ibẹ̀ kọjá kó má wò ó. Gbogbo wa la mọ ìtàn rẹ̀. Ó jẹ́ kí àwọn tó ń kó Ifẹ̀ lẹ́rú mú òun lọ, ó mọ àṣírí wọn, ó sá padà wá tú u, Ifẹ̀ sì bọ́. Odò Ẹsìnmìrìn tó ti jẹ́jẹ̀ẹ́ fún wá béèrè Olúorogbo, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, ó sì fi í sílẹ̀. Bí a bá ń fi Mọremí ṣe àwòkọ́ṣe fún obìnrin, ibẹ̀ la ti máa ń dúró: abiyamọ tòótọ́ ni ẹni tó lè fi ohun gbogbo sílẹ̀. Ìtàn náà ò sì parí síbẹ̀. Nígbà tí Mọremí ń sunkún, Ifẹ̀ ló ní kó dákẹ́, pé àwọn ni yóò máa jẹ́ ọmọ fún un títí ayé, ọdún Ẹdì ni wọ́n sì fi ń rántí rẹ̀ lọ́dọọdún. Ìlú jẹ ìyá ní gbèsè, ìlú gbà pé òun jẹ ẹ́. Apá kejì ìtàn yìí la ti gbàgbé nígbà tí a bá ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin wa ní ohun tí abiyamọ jẹ́.

Àṣà wa ní apá kejì yẹn dáadáa. Ẹnìkan ní ń bímọ, igba ènìyàn ní ń bá a tọ́ ọ. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu nígbà kan. Obìnrin tó bá bímọ nínú agbo ilé kì í dáná, kì í fọṣọ, kì í jáde títí ogójì ọjọ́ á fi pé. Ìyá rẹ̀ tàbí ìyá ọkọ rẹ̀ á máa wẹ ọmọ, á máa fi aṣọ tí wọ́n rì bọ omi gbígbóná tọ́ ìyá ọmọ lára, àwọn ìyàwó ilé á máa gba ọmọ láti ẹ̀yìn dé ẹ̀yìn. Mi ò sọ pé ayé ìgbà náà dẹrùn. Orogún ń ja orogún, ọmọ ń kú púpọ̀, ẹni tí kò bí ń rí ìfojúdi. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ẹ wo òwe tó ní abiyamọ kì í gbọ́ ẹkún ọmọ rẹ̀ kó má tatí wéré. Obìnrin tí ogún etí mìíràn wà láyìíká rẹ̀ ni wọ́n pa òwe yẹn fún. Lónìí, yàrá kan àti pálọ̀ ni, ní Parakin nílùú Ifẹ̀. Ọkọ wà ní Èkó láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì. Ìyá ọkọ ti lọ wẹ ọmọ fún ẹ̀gbọ́n ọkọ ní Kánádà. Ìyá tirẹ̀ wà nídìí ọjà, nítorí láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní 2023, ta ló lè ti ṣọ́ọ̀bù pa fún ogójì ọjọ́? Etí kan ló kù nílé. Òun náà la ní kó máa tatí wéré tọ̀sántòru.

Ohun tí à ń béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ sì ń pọ̀ sí i, torí ti àtijọ́ ò lọ kí ti tuntun tó dé. Ẹ jẹ́ ká mú ti ọmú. Nọ́ọ̀sì ní ọmú nìkan fún oṣù mẹ́fà, omi ò gbọdọ̀ kan ọmọ lẹ́nu. Òótọ́ ni, omi tó tó ọmọ wà nínú ọmú. Yèyé mi (bí àwa Ìjẹ̀ṣà ti ń pe ìyá nìyẹn) ní òùngbẹ ń gbẹ ọmọ, pé kí n fún un lómi ṣíbí kan péré, àti àgbo díẹ̀. Bí mo bá gba ti nọ́ọ̀sì, mo ti kàwé débi tí mi ò gbọ́ ti yèyé mi mọ́. Bí mo bá gba ti yèyé, mo máa parọ́ ní kílíníkì. Lóru ọjọ́ kan, ní nǹkan bí aago mẹ́ta, ọmọ ń ké, ọmú mi le bí òkúta, yèyé mi di ṣíbí mú lápá kan bẹ́ẹ̀dì. Fóònù mi wà lápá kejì, obìnrin kan tí mi ò mọ̀ rí ń fi hàn mí nínú rẹ̀ bí ikùn òun ti wọlé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Mo jókòó sáàárín wọn. Kò sẹ́ni tó fẹ́ ibi fún mi nínú wọn. Bíi 29 nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà ló ń mu ọmú nìkan ní Nàìjíríà nígbà ìwádìí 2018. Mi ò gbà pé aláìgbọ́ràn ni àwọn ìyá yòókù. Àárín yẹn ni ọ̀pọ̀ wọn jókòó sí.

Òfin iṣẹ́ ilẹ̀ wa fún obìnrin tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ní ọ̀sẹ̀ 12, mẹ́fà kó tó bí, mẹ́fà lẹ́yìn rẹ̀, àti ó kéré tán ìdajì owó oṣù bó bá ti lo oṣù mẹ́fà lẹ́nu iṣẹ́ náà. Bó bá padà sẹ́nu iṣẹ́, ó ní ààbọ̀ wákàtí lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ láti fọ́mọ lọ́mú. Láti 2022, ìjọba àpapọ̀ ti fọwọ́ sí ọjọ́ iṣẹ́ 14 fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ tí ìyàwó wọn bá bímọ. Ẹni tó ń ta ata ò ní ọ̀gá tó máa kọ̀wé sí.

Ìjẹ̀ṣà ní ohun kan tó lè fi yangàn nínú ọ̀rọ̀ ìlera ọmọ. Ní nǹkan bí ìparí àwọn ọdún 1950, dókítà òyìnbó kan tó ń jẹ́ David Morley, tó wà ní ọsibítù Wesley Guild ní Iléṣà, dá kílíníkì ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún sílẹ̀ ní Imẹsí-Ilé. Ibẹ̀ ló ti ṣe káàdì tí wọ́n ń kọ ìwọ̀n ọmọ sí láti oṣù dé oṣù, ó sì ní kí ìyá máa gbé e lọ sílé. Ó fọkàn tán ìyá abúlé pé kò ní sọ ọ́ nù, wọn ò sì sọ ọ́ nù. Káàdì yẹn ti ọ̀dọ̀ wa tàn dé ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ayé. Ti ọmọ mi wà níwájú mi bí mo ti ń kọ èyí, ó ti gbó létí, òróró ti ta sí i. Ìwọ̀n ọmọ wà níbẹ̀. Àjẹsára wà níbẹ̀: ọjọ́ ìbí, ọ̀sẹ̀ 6, ọ̀sẹ̀ 10, ọ̀sẹ̀ 14, oṣù 9. Kò sí ìlà kan ṣoṣo fún bí ara ìyá ti ń ṣe é.

Gbogbo ọjọ́ àjẹsára yẹn, ìyá àti nọ́ọ̀sì ń fojú kan ara wọn. Ìbéèrè tí wọ́n ń lò káàkiri ayé láti mọ ìyá tó ń rẹ̀wẹ̀sì, èyí tí wọ́n ṣe ní Edinburgh ní 1987, tí wọ́n sì ti lò fún àwọn ìyá lọ́dọ̀ tiwa náà, mẹ́wàá péré ni. Ọjọ́ méje tó kọjá ló dá lé: ṣé o ti lè rẹ́rìn-ín, ṣé ò ń dá ara rẹ lẹ́bi láìnídìí, ṣé èrò láti ṣe ara rẹ léṣe ti wá sọ́kàn rẹ. Kò ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. À ń pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ kí wọ́n tó pe nọ́ńbà wa.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹwàá, nọ́ọ̀sì àgbà kan wọn ọmọ mi tán, wọ́n kọ ọ́ sí káàdì, wọ́n pa káàdì dé. Wọ́n ní, "Ìyá ọmọ, ìwọ ńkọ́? Ṣé ò ń sùn?" Mo lanu kí n dáhùn, ẹkún ló jáde. Obìnrin tó tẹ̀lé mi lórí ìlà gba ọmọ lọ́wọ́ mi, kò béèrè nǹkan kan. Nọ́ọ̀sì náà ló kọ ìwé tí mo mú lọ sọ́dọ̀ dókítà.

Nǹkan yìí gbóògùn, mo fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó bá ń ṣe mọ ìyẹn. Ní Ìbàdàn, Ọ̀jọ̀gbọ́n Oyè Gureje àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ́ àwọn agbẹ̀bí ní hẹ́ẹ̀tì sẹ́ńtà bí wọ́n ṣe lè tọ́jú àwọn obìnrin tí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ń ṣe nígbà oyún, ọ̀pọ̀ jù lọ wọn ló sì yá. Ìjókòó sọ̀rọ̀ ló pọ̀ jù nínú irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀: èwo ló wúwo jù lọ́rùn rẹ, kí la lè ṣe sí i lọ́sẹ̀ yìí, ta ló lè bá ọ gbọmọ. Fún ẹni tí ọ̀rọ̀ ò bá tó fún, oògùn wà, ó sì wà nínú wọn èyí tí ìyá lè lò kó ṣì máa fọ́mọ lọ́mú. Dókítà ni yóò yàn án. Lọ́dọ̀ tiwa, OAUTHC, ọsibítù ńlá Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ní ẹ̀ka ìlera ọpọlọ ní Ilé-Ifẹ̀, Wesley Guild ní Iléṣà sì wà lábẹ́ OAUTHC kan náà, nítorí náà kò pọn dandan kí ará Iléṣà máa ronú Ìbàdàn tàbí Arò. Òfin ìlera ọpọlọ tuntun náà ti wà láti oṣù kìíní 2023. Èyí tó rọ́pò, ti 1958, wèrè ni orúkọ tó fún gbogbo aláìsàn ọpọlọ.

Ní oṣù tó kọjá, àbúrò mi bímọ ní Iléṣà. Iṣẹ́ abẹ lòun náà. Mo wọ mọ́tò láti Ifẹ̀ ní ìdájí ọjọ́ Sátidé. Nígbà tí mo débẹ̀, mi ò bi í léèrè bó ṣe bí i. Mo gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀, mo gbé ẹ̀kọ gbígbóná síwájú rẹ̀, mo dúró tì í títí ó fi mu ún tán. Mo ní kó lọ sùn, mo sì pa ilẹ̀kùn yàrá dé. Mo fọ aṣọ tó wà nínú báàfù. Ó sùn fún wákàtí mẹ́ta. Ìgbà tó jí, sísá ló sá jáde, ìró rẹ̀ ò tíì so dáadáa. Ó ní, "Àǹtí mi, ṣé ó sunkún? Mi ò gbọ́ rárá."

Ó sunkún lẹ́ẹ̀mejì. Mo gbé e mọ́yà, mo ń rìn ká pálọ̀, ó dákẹ́.